Àkùkọ Kan Náà, Ẹnu Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Èdè Ṣe Ń Sín Ìró Jẹ

Àkùkọ kì í gbédè. Bó ṣe ń kọ ní Jámánì ló ṣe ń kọ ní Japan, síbẹ̀ àwọn ará Jámánì ní “kikeriki” ló wí, àwọn Faransé ní “cocorico”, àwọn ará Japan ní “kokekokkō”, Rọ́ṣíà ní “kukareku”, Yorùbá ní “kùkúrúùkú”, Gẹ̀ẹ́sì sì ní “cock-a-doodle-doo”. Ẹni tó bá pe àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí síta yóò ṣàkíyèsí pé wọn kò jìnnà síra wọn tó bí wọ́n ṣe rí lójú ìwé. Ìró k ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, sílébù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n sì ní. Fáwẹ́lì ni wọn kò ti gbà fún ara wọn: i ló gba iwájú ní Jámánì, o ní Faransé, u lẹ́nu Yorùbá.

Igbe àkùkọ fúnra rẹ̀ kò ní kọ́ńsónáńtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ jáde láìsí ètè tàbí eyín tí yóò gé e sí wẹ́wẹ́, ohùn náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ sín in jẹ kò lè ṣe bí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ náà ni yóò lò, ìwọ̀nba ìró tí èdè rẹ̀ ní ni yóò sì fi tò ó. Nítorí náà, yóò ṣa èyí tó ta sí i létí jù lára igbe náà, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ igbe àkùkọ máa ń jáde lójijì, k sì bá irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu, torí pé ṣe ni ẹ̀yìn ahọ́n máa ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ inú, tí yóò wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ajá fi èyí hàn dáadáa. Ajá ní “guau” ní Spéìn, “wan wan” ní Japan, “gav gav” ní Rọ́ṣíà, “meong meong” ní Kòréà. Ti Kòréà yìí máa ń ya ọ̀pọ̀ àjèjì lẹ́nu, torí kò wá sí wọn lọ́kàn rí pé ajá lè fi m bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ti Yorùbá, ó jọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe “gbó” ti gbé ìró náà dání fúnra rẹ̀. Gb jẹ́ ìró tí ètè méjèèjì àti ẹ̀yìn ahọ́n ń dí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì jọ ń ṣí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Nígbà tí ohun wúwo bá já lulẹ̀ “gbì” tàbí tí ilẹ̀kùn bá padé “gbàgà”, ìró yìí ni Yorùbá ń nawọ́ sí, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “thud” àti “bang” du ohun kan náà.

Èdè kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tó fi ń to ìró pọ̀. Kọ́ńsónáńtì lè parí sílébù Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí “crack” àti “tick” fi ń gé dúró ṣáká. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáńtì parí, nítorí náà gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì ló ń ṣe iṣẹ́ náà: omi ń kán “tó, tó, tó”, àlejò kan ilẹ̀kùn “kó, kó, kó”, ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀ “wọ̀ọ̀ọ̀”. Ti aago tún pa ni lẹ́rìn-ín. Ìró rẹ̀ méjèèjì lè bára mu délẹ̀, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ní “tick-tock”, Faransé á ní “tic-tac”, i sì ni wọ́n máa ń fi ṣáájú. Ẹni tó bá yí i padà sí “tock-tick” yóò gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé kò dùn létí.

Yorùbá ní irinṣẹ́ mìíràn, ìyẹn ohùn. Ohun kékeré tó rí roboto ni à ń pè ní “rógódó”, èyí tó tóbi sì di “rògòdò”. Ohùn òkè ń sọ ọ́ di kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ di ńlá, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan kò yí padà. Ohun tó rí roboto kò sì dún rárá. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, tó ń fi ìró ya àwòrán ohun tí a rí tàbí tí a mọ̀ lára, ni Clement Doke, onímọ̀ èdè kan, sọ ní “ideophone” ní ọdún 1935, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Bantu. Japan ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, débi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàápàá ní ìró lọ́dọ̀ wọn: “shiin”.

Nígbà mìíràn, ẹranko gan-an ló yàtọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbà pé “ribbit” ni ọ̀pọ̀lọ́ ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ọ̀pọ̀lọ́ kì í ké bẹ́ẹ̀. Irú kan tó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, títí kan agbègbè Hollywood, ló ni igbe yẹn; òun ni àwọn tó ń ṣe fíìmù gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi sí inú igbó ibikíbi.

Igbe sì lè di orúkọ. Kowéè ń pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “cuckoo”. Ológbò ń jẹ́ “māo” ní Ṣáínà, ó sì ń jẹ́ “miu” ní Íjíbítì àtijọ́. Àmọ́ tí ìró bá ti di ọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe ọ̀rọ̀ yòókù yóò ṣe òun náà. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè ará Switzerland, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1916, mú ẹyẹlé ṣe àpẹẹrẹ: “pipio” ni ọ̀rọ̀ Látìn, tó ń sín igbe ọmọ ẹyẹ jẹ, ṣùgbọ́n ó ti di “pigeon” lẹ́nu Faransé, kò sì sí ẹyẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Èyí tó dára jù ni ti àgùntàn. Ní Áténì, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Cratinus tó ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan tó ń rìn lọ, tó ń ké “βῆ βῆ” bí àgùntàn. Tí ará Gíríìsì òní bá ka lẹ́tà méjèèjì yẹn bó ṣe ń ka ìwé ìròyìn, “vi vi” ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, àgùntàn kankan kò sì ké bẹ́ẹ̀ rí. Àgùntàn kò yí ohùn padà. Lẹ́tà ló yí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ṣe ń pe èdè wọn, àgùntàn wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè, ohun tó sì wí, tí a bá fi àkọtọ́ Yorùbá kọ ọ́, ni “bẹ̀ẹ̀”.