Ìṣirò pọ́ńbélé ní ipele másítà: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe gan-an

Ní dìgírì àkọ́kọ́, ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú integral àti differential equation lè fi ìyẹn nìkan gba máàkì tó jọjú. Ní ipele másítà nínú ìṣirò pọ́ńbélé (pure mathematics), ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù ni “fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “mú àpẹẹrẹ wá tó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ti ìgbaniwọlé ò gba àlàyé púpọ̀. Yálà EKSU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó wà lójú ọ̀nà Ìwòrókò ní Adó-Èkìtì lèèyàn fojú sí, tàbí FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ohun tí yunifásítì Nàìjíríà sábà máa ń béèrè jọra: B.Sc. ìṣirò tí kò rẹlẹ̀ ju second class lower, lẹ́tà láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, àti transcript tí ilé-ìwé àtijọ́ máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní third class sábà máa ń ṣe PGD (postgraduate diploma) ná. Transcript ló ń dá èèyàn dúró jù, kí fọ́ọ̀mù tó jáde ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e.

Lẹ́yìn èyí ni kóòsì: measure theory, topology, abstract algebra, functional analysis. Functional analysis yìí ni ẹ̀ka tí Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba Ph.D. nínú ìṣirò, ní Durham lọ́dún 1955, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ojú ìwé kan péré lè gba odindi ọ̀sán, kì í ṣe pé orí akẹ́kọ̀ọ́ ò pé. Theorem kan (gbólóhùn ìṣirò tí a ti fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn) tí Stefan Banach, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Poland, fi síta ní 1922 á jẹ́ ká rí ìdí rẹ̀. Ká ní fọ́ńṣọ̀n f ń gbé ojúàmì inú àyè kan lọ sí ojúàmì mìíràn nínú àyè yẹn kan náà. Ká ní nọ́ńbà kan pàtó wà, k, tó kéré sí 1, tí àlàfo f(x) sí f(y) kì í ju k lọ́nà àlàfo x sí y. Ká tún ní àyè náà jẹ́ complete, ìyẹn ni pé kò sí ihò nínú rẹ̀. Banach ní ojúàmì kan ṣoṣo máa wà tí f kò ní sún kúrò níbi tó wà. Fixed point ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. A ó mú x₀ èyíkéyìí, a ó fi sínú f láti rí x₁, a ó fi x₁ sínú f láti rí x₂, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo xₙ sí xₙ₊₁ kò lè ju kⁿ lọ́nà àlàfo àkọ́kọ́, ìyẹn x₀ sí x₁. Bí a bá ro gbogbo àlàfo láti n síwájú pọ̀, kò lè ju kⁿ/(1−k) lọ́nà àlàfo àkọ́kọ́, ìyẹn sì ń lọ sí 0. Àwọn xₙ ń súnmọ́ ara wọn nìyẹn, complete ló sì mú un dájú pé ibi tí wọ́n ń lọ wà nínú àyè náà. Ibẹ̀ gan-an ni fixed point náà.

Ẹni tó dúró síbẹ̀ há a sórí ni. Ó yẹ kó yọ májẹ̀mú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn complete àti k, kúrò, kó wo ohun tó máa bàjẹ́. Mú f(x) = x/2 láàárín 0 àti 1, ṣùgbọ́n kí 0 fúnra rẹ̀ má sí níbẹ̀. Láti 1, a ó rí 1/2, 1/4, 1/8. Ọ̀dọ̀ 0 ni wọ́n ń lọ, 0 kò sì sí nínú àyè, fixed point ò sí. Ìkejì ló dùn jù: f(x) = x + 1/x, láti 1 lọ sókè títí láé. Àyè yìí complete, àlàfo sì ń dín kù ní gbogbo ìgbà, nítorí f(x) − f(y) = (x − y)(1 − 1/xy). Síbẹ̀, kí f(x) tó lè jẹ́ x, 1/x gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kò sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí x àti y ṣe ń tóbi, 1 − 1/xy ń súnmọ́ 1, kò wá sí k kan ṣoṣo tó lè ká gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ “àlàfo dín kù” láì mẹ́nu kan k ti ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ níbi 1/(1−k) gan-an.

Nígbà tó bá di ti tíísìsì, alábòójútó sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìwádìí mélòó kan pé kó kà wọ́n títí yóò fi lè kọ gbogbo ẹ̀rí inú wọn láì wo ìwé. Iṣẹ́ yìí kò nílò láàbù, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò sì lè dá a dúró pátápátá. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára ni kéèyàn wa ìwádìí tó pọ̀ sílẹ̀ láti orí arXiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí, ọ̀fẹ́ ni láti 1991. LaTeX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé tó kún fún fọ́múlà, ni kó fi kọ tíísìsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ ńlá ni láti tún gbogbo fọ́múlà tẹ̀ láti inú Word.

Ewu tó burú jù ni fífẹ̀ theorem àtijọ́ lójú lásán, kó dà bí ohun tuntun. Ní 2007, Huang àti Zhang gbé cone metric space jáde, irú àyè kan tí àlàfo inú rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lásán, ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí fixed point sì tẹ̀ lé e. Ní 2010, Wei-Shih Du fi hàn pé púpọ̀ nínú èsì wọ̀nyẹn kò ju ohun tí a ti mọ̀ nínú metric space lásán lọ, ìyẹn àyè tí a ń fi nọ́ńbà wọn àlàfo inú rẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orí kẹta, ó yẹ kó ti ní àpẹẹrẹ kan pàtó tí theorem tuntun rẹ̀ ká, tí ti àtijọ́ kò ká. Bí kò bá rí i, kó tètè lọ bá alábòójútó rẹ̀, kí wọ́n yí ìbéèrè náà padà nígbà tí àyè ṣì wà.

Níbi ìdánwò ẹnu, olùyẹ̀wò tó wá láti yunifásítì mìíràn kì í sábà béèrè ìṣirò gígùn. Ó lè ṣí ojú ìwé kan, kó na ìka sí májẹ̀mú kẹta nínú theorem, kó ní: “Ìlà wo nínú ẹ̀rí yìí lẹ ti lò ó?” Bí kò bá sí ìlà kankan, ó lè jẹ́ pé májẹ̀mú náà kò wúlò, a ó sì yọ ọ́, theorem á lágbára sí i. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n lò ó láìmọ̀ níbi tí wọ́n kọ “ó hàn gbangba pé” sí, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni a ó tún kọ kí wọ́n tó di ìwé náà.