Ọyẹ́ Ti Dé: Kí Ni Ká Fi Dáàbò Bo Ara?

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Kàbà, tí a kò rí orí òkè mọ́ láàárọ̀, mo mọ ohun tí wọn yóò béèrè ní ṣọ́ọ̀bù òògùn mi: "Dókítà, ẹ fún wa ní nǹkan tó ń fún ara lágbára." Bàbá kan ka owó sórí káńtà lọ́jọ́ kan, ó ń fẹ́ ìgò fítámì mẹ́rin, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ àná. Ó ní ẹ̀bà. Láàárọ̀ ńkọ́? Gàrí ni wọ́n mu. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo ní kó yà sọ́jà, kó ra ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin.

Nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń ṣe ọmọ ogun rẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó dúró dìgbà tí imú bá ń ṣàn kó tó wá agbára kiri, ogun ti wọlé tán kó tó máa wá ọdẹ.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì ni, oríṣi rẹ̀ sì lé ní 200. Àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń gbẹ ikun inú imú, ikun yìí ló sì ń mú eruku àti kòkòrò kí wọ́n má baà dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa mu omi bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ yín. Òtútù tún ń mú ká ti gbogbo fèrèsé, ká sùn pọ̀ sí yàrá kan. Ẹnì kan á wúkọ́, gbogbo ilé á gbà á. Ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé ìkòkò èédú tó ń jó wọ yàrá sùn. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Fítámì C ńkọ́? Kì í dá ọ̀fìnkìn dúró. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, ọ̀fìnkìn rẹ̀ kàn ń yá kíá díẹ̀ ni; ẹni tó dúró kó mú òun kó tó bẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Síbẹ̀ ara nílò rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 90 lóòjọ́ fún ọkùnrin, 75 fún obìnrin. Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ oko kájú kọjá lọ́nà Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. A ó yọ kóró, a ó kó o sápò fún àwọn tó ń rà á, èso pupa àti èso yẹ́lò á wá máa jẹrà nílẹ̀ fún eṣinṣin. Fítámì C tó wà nínú èso tá a ń dà nù yẹn ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán! Bó bá ń ha yín lọ́fun, ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ fún àwọn ọmọ.

Oorun náà wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015, wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí imú àgbàlagbà 164. Àwọn tí oorun wọn kò pé wákàtí 6 lálẹ́, ewu ọ̀fìnkìn tiwọn ju ti àwọn tó ń sùn ju wákàtí 7 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ bí alẹ́ bá ti lẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé fi kápúsù pupa àti yẹ́lò, ìyẹn tetracycline, wo ọ̀fìnkìn. Kò lè pa fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń ba àwọ̀ eyín ọmọdé jẹ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún kan lè lá oyin ìgàn fún ikọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Agbára tí mo fọkàn tán jù fún ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn ọmú ìyá rẹ̀, ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti 2014 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọ ní èyí tó ń dènà ọ̀kan lára ohun tó ń fa òtútù àyà jù. Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ oṣù 14. Ó ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Mo ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè: abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé bó ṣe ń mí. Mo wo aago, mo kà á fún ìṣẹ́jú kan, ó dé 56. N kò ta ohunkóhun fún wọn. Ọlọ́kadà ni mo pè, kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin náà lè kà á nílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ẹkún, kí ẹ máa wo ikùn rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó bá mí tó ìgbà 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá mí tó ìgbà 40, òtútù àyà ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ òru lẹ ka iye yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.