Kámẹ́rà ìṣọ́ ìgboro

Kámẹ́rà ìṣọ́ ìgboro, tí tolórí tẹlẹ́mù ń pè ní CCTV, ni kámẹ́rà tí wọ́n gbé sí òpópónà, ibùdókọ̀ tàbí gbàgede láti máa ya fídíò ohun tó ń lọ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n lò ó ní Jámánì ní 1942, ní Peenemünde, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè máa wo bí rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 ṣe ń gbéra láti òkèèrè. Ìlú Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tirẹ̀ síta gbangba ní 1985.

Kí kámẹ́rà rí ènìyàn yàtọ̀ sí kó dá a mọ̀. Ìlànà EN 62676-4, tí Yúróòpù ń lò fún kámẹ́rà ìṣọ́, fi iye píksẹ́lì (ẹyọ tó-tò-tó tó para pọ̀ di àwòrán) tó bọ́ sórí mítà kọ̀ọ̀kan wọn ọ̀rọ̀ yìí: 25 tó láti mọ̀ pé ẹnìkan ń kọjá, 125 tó kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ sọ pé òun ni, bó bá jẹ́ àjèjì, àfi 250. Kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 1,920 kò wá lè bo ju nǹkan bíi mítà 7.7 lọ bó bá jẹ́ ojú àjèjì là ń wá. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣọ́ gbàgede oní mítà 60 yóò rí olè tó ń sá lọ, kò ní rí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé e ga jù, fìlà àti àtàrí ló máa yà.

Ní alẹ́, iná infrared (iná tí ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí) ẹ̀gbẹ́ awò rẹ̀ máa ń fa kòkòrò, aláǹtakùn á sì tẹ̀lé kòkòrò wá ta òwú síwájú rẹ̀. Òwú yìí á funfun gbòò bí ìkùukùu nínú àwòrán. Bí atẹ́gùn bá ti mì ín, ẹ̀rọ á rò pé ènìyàn ń kọjá, á sì máa gba fídíò òfo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún. Kí iná jìnnà sí kámẹ́rà ló sàn jù.

Fídíò tó ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń gba nǹkan bíi GB 43 lóòjọ́, ìyẹn TB 1.3 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n àyè nìkan kọ́ ló yẹ kó pinnu iye ọjọ́ tí yóò fi wà nípamọ́. Bí ọjọ́ bá kéré jù, ẹni tó fẹjọ́ sùn pẹ́ kò ní bá nǹkan kan. Bó bá pọ̀ jù, ó ti di àkọsílẹ̀ ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn àti ẹni tó ń lọ sí ìpàdé òṣèlú. Ìlànà ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò dátà Yúróòpù ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá wákàtí 72 wá àlàyé tó múná dóko. Òfin GDPR, ìyẹn òfin ìdáàbòbò dátà Yúróòpù, sì fún ẹni tí wọ́n yà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fídíò ara rẹ̀, kí wọ́n dá a lóhùn láàárín oṣù kan. Wọ́n á kọ́kọ́ bo ojú àwọn yòókù, iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò gan-an.

Bí fèrèsé ilé onílé bá bọ́ sínú àwòrán, wọ́n máa ń fi àmì dúdú bò ó. Bí àmì náà bá wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó nìkan, fídíò tó wà nípamọ́ ṣì mọ́ kedere.

Ìwádìí tí Brandon Welsh àti David Farrington, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, kó jọ fi hàn pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kámẹ́rà ti ń dín ìwà ọ̀daràn kù jù. Kò fi bẹ́ẹ̀ ran ọ̀ràn ìjà àti ipá. Ẹni tí ọtí ń pa kì í gbójú sókè wá kámẹ́rà.

Ẹ̀rọ adánimọ̀-ojú ló tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. San Francisco fòfin de iṣẹ́ ìjọba ìlú láti lò ó ní 2019. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn ọlọ́pàá South Wales lẹ́bi lórí rẹ̀: wọ́n ti fi ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wọ ìwé àwọn tí à ń wá, àti ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí, sílẹ̀ fún ọlọ́pàá láti pinnu bó ṣe wù ú.