Láti JSS 3 bọ́ sí SS 1: bí ọmọ ṣe ń yan iṣẹ́ (sọ́bújẹ́ẹ̀tì) tó máa ṣe ní kíláàsì

Ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní Nàìjíríà, ìparí JSS 3, ìyẹn ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ni ọ̀nà ti ń pín kí ọmọ tó wọ SS, sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ọmọ tó ti ń bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà láti ọdún mẹ́ta á gba fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà sí, wọ́n á ní kó fàmì sí ọ̀kan. Òbí á buwọ́ lù ú, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni onítọ̀hún, àmì tó sì fà yẹn ló máa sọ iṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tó máa ṣe ní WAEC, ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì, lọ́dún mẹ́ta sí i. Àwọn iṣẹ́ yẹn ló máa wá sọ kọ́ọ̀sì tó lè béèrè lọ́wọ́ JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ètò yìí, ẹ̀yìn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: kó kọ́kọ́ wo ohun tí yunifásítì ń béèrè, kó wo WAEC, kó tó wá dé orí fọ́ọ̀mù JSS 3. Iwájú ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá.

Nínú JSS fúnra rẹ̀, lábẹ́ ètò tó ṣáájú ti 2025, àṣàyàn ò pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Basic Science, Basic Technology, Social Studies, Business Studies, iṣẹ́ àgbẹ̀, Home Economics, Yorùbá: gbogbo ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Ibi tọ́mọ ti lè yàn kò ju CRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni) tàbí IRS (ti Ìsìláàmù) lọ, ẹ̀sìn ilé wọn ló sì ń pinnu ìyẹn, àti Faransé tàbí Lárúbáwá níbi tí olùkọ́ bá wà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá fi máa dé, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì dá nǹkan kan yàn nípa ẹ̀kọ́ wọn rí.

Ohun tó tún mú un le ni pé orúkọ iṣẹ́ ń yí padà. Kò sí Basic Science ní SS mọ́, ó ti pín sí Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì. Basic Technology, tí àwọn ọmọ máa ń fojú di, ló ṣí ọ̀nà fún Technical Drawing, tí gbogbo èèyàn ń pè ní TD. Business Studies ló ya di Àkáǹtì, Kọ́máàsì àti Office Practice. Home Economics di Food and Nutrition tàbí Clothing and Textiles, níbi tí ilé ìwé bá ti ń kọ́ wọn. Lítíréṣọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì, inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sápamọ́ sí ní JSS. Ẹkọnọ́míìsì ńkọ́? Kò sí ọmọ JSS kan tó ti gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró.

Ìdí nìyí tí àpapọ̀ máàkì inú káàdì èsì fi lè tan èèyàn jẹ. Ọmọ kan lè gba 78 nínú Basic Science, kí ilé pariwo pé dókítà ti dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n lè rí i pé orí ewéko, ẹranko àti ara èèyàn ló ti ń gba gbogbo máàkì, tó bá sì di orí agbára, iná mànàmáná àti ìwọ̀n, àmì pupa ló kún ojú ìwé. Bàólójì lọmọ yẹn mọ̀, kò tíì mọ Físíìsì. Business Studies náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ apá tó dá lórí àkọsílẹ̀ owó, tó ń kọ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún láìṣìnà, ló ń sọ pé Àkáǹtì lè bá òun lára mu, ẹni tó kàn há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé iṣẹ́ ọdún kan, tí wọ́n yẹ̀ wò ní orí kọ̀ọ̀kan, sàn ju ìbéèrè “kí lo fẹ́ dà?” lọ.

Ìdánwò tó ń parí JSS ni BECE. NECO, àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣe é fún àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tirẹ̀ fún àwọn ilé ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwé púpọ̀ máa ń lo èsì yìí, pẹ̀lú máàkì inú kíláàsì, láti fi ya ọmọ sí ẹ̀ka. Ìṣirò àti Basic Science ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹnu ọ̀nà sáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èsì ń jáde kí sáà tuntun tó wọlé, nítorí náà àwọn ilé ìwé mìíràn máa ń fi máàkì tiwọn pín ọmọ, wọ́n á sì ṣàtúnṣe bí èsì bá dé.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí òǹkà, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ètò yìí dúró lé. WAEC kò gbà ju iṣẹ́ mẹ́sàn-án lọ, kò sì gbà kó dín ní mẹ́jọ. Lábẹ́ ìlànà tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, tí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó jókòó ṣe WAEC ní 2014, mẹ́rin ló ti lọ kí ọmọ tó la ẹnu: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Civic Education àti iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ìwé ìlànà náà ka iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sílẹ̀, láti orí fọ́tò yíyà dé orí aṣọ rírẹ àti ẹran ọ̀sìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mú, Data Processing tàbí Marketing, wọ́n sì pa á láṣẹ fún gbogbo ọmọ. A ò lè pe ìyẹn ní àṣàyàn.

Ká mú ọmọ sáyẹ́ǹsì lábẹ́ ìlànà 2011 yìí. Mẹ́rin ti lọ. Físíìsì, Kẹ́mísírì, Bàólójì: ó di méje. Àyè méjì péré ló kù. Further Maths, Jọ́gíráfì, iṣẹ́ àgbẹ̀, TD, Ẹkọnọ́míìsì àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń du àyè méjì yìí. Fọ́ọ̀mù kò béèrè nípa wọn. Ìgbà tọ́mọ bá ti wọ SS 1 ni wọ́n máa ń tò ó sínú wọn, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára iṣẹ́ ẹnjiníà, Further Maths àti TD máa ràn án lọ́wọ́ dé inú yunifásítì. Ẹni tí sáyẹ́ǹsì ò tíì dá lójú, Ẹkọnọ́míìsì ló yẹ kó fi sí ọ̀kan nínú àyè méjèèjì. Bí Físíìsì bá yọ ọ́ lẹ́nu ní SS 2, ó ṣì ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Ẹkọnọ́míìsì lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta yìí sì ni òpó tí kọ́ọ̀sì Ẹkọnọ́míìsì, Àkáǹtì àti báǹkì dúró lé ní yunifásítì. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣí ilẹ̀kùn méjì báyìí fún ọmọ sáyẹ́ǹsì.

Fún kọmáṣà, Ẹkọnọ́míìsì, Kọ́máàsì àti Àkáǹtì ló ń gba àyè mẹ́ta, Gọ́fúmẹ́ǹtì sì sábà máa ń tẹ̀lé wọn. Áàtì ní tirẹ̀ ní Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ǹtì, CRS tàbí IRS, lẹ́yìn náà Ìtàn, Yorùbá, Ẹkọnọ́míìsì tàbí Jọ́gíráfì.

Kí ni yunifásítì ń béèrè? Ó kéré tán, kírẹ́díìtì márùn-ún, láti A1 dé C6, láìju ìjókòó méjì lọ (ìyẹn ìgbà méjì tó jókòó ṣe ìdánwò), kí wọ́n sì bá kọ́ọ̀sì náà mu. JAMB ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn, kọ́ọ̀sì ló sì ń sọ mẹ́ta yòókù. Ìmọ̀ ìṣègùn: Bàólójì, Kẹ́mísírì, Físíìsì, kò sí àrọ́wá níbẹ̀. Ẹnjiníà: Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì. Òfin: Lítíréṣọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ méjì láti inú áàtì tàbí ìmọ̀ àwùjọ. Àwọn kọ́ọ̀sì bíi Mass Communication ò le tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ọmọ mú wá. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ìkànnì JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó yani lẹ́nu pé SS 3 ni ọ̀pọ̀ òbí ń kọ́kọ́ ṣí i, nígbà tí orúkọ ti wọlé fún WAEC.

Òfin ló sábà máa ń tú àṣírí ìkánjú yìí. Òbí á rò pé ọmọ kọmáṣà náà lè di lọ́yà, torí ó ń ṣe Gọ́fúmẹ́ǹtì, ó sì lẹ́nu dáadáa. Lítíréṣọ̀ kò sí nínú mẹ́sàn-án rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Bí ilé ìwé bá fẹ́ fi kún un ní SS 2, táìmù-tébù lè kọ̀ fún wọn.

Táìmù-tébù yìí gan-an ni ọba tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹ. Ilé ìwé kì í lè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń to iṣẹ́ àwọn ẹ̀ka mẹ́ta sí ojú kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí kẹrin: àwọn sáyẹ́ǹsì wà nínú Kẹ́mísírì, áàtì wà nínú Lítíréṣọ̀, kọmáṣà wà nínú Àkáǹtì. Ọmọ kọmáṣà tó fẹ́ Lítíréṣọ̀ máa ní láti sá kúrò nínú Àkáǹtì, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Lórí ìwé, ilé ìwé gbà pé ọmọ lè pa iṣẹ́ pọ̀ bó ṣe wù ú. Nínú kíláàsì, kò ṣeé ṣe. Bí òbí bá lọ rí olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ SS 1, táìmù-tébù ni kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi han òun. Kó tún béèrè olùkọ́ tó wà nílẹ̀. Ilé ìwé tí kò ní olùkọ́ Further Maths lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ máa jókòó lásán ní gbogbo wákàtí rẹ̀.

Àyípadà ṣeé ṣe, ó ní ìgbà tirẹ̀. Nínú tááàmù àkọ́kọ́ SS 1, ó rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń le sí i, torí WAEC ń gba máàkì inú kíláàsì lọ́wọ́ ilé ìwé láti SS 1 lọ sókè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kan ní SS 3 kò ní máàkì kankan nílẹ̀. Láti sáyẹ́ǹsì lọ sí áàtì tàbí kọmáṣà kò nira púpọ̀, ìwé kíkà ló kù. Láti áàtì padà sí sáyẹ́ǹsì, ìyẹn lóró. Kẹ́mísírì SS 2 dúró lórí ti SS 1, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ́gba ìṣesí àwọn èròjà (balancing equations) kò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló bí ìmọ̀ràn tí àwọn olùkọ́ kan ń gbà wá pé kí gbogbo ọmọ kọ́kọ́ wọ sáyẹ́ǹsì, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ bó bá ṣú wọn. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Òun ló ń mú kí kíláàsì sáyẹ́ǹsì kún àkúnfàya, kí wọ́n sì máa wo áàtì bí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tó kùnà sí. Ọmọ tó bá fi ọdún kan gba 30 nínú Físíìsì kì í dé áàtì pẹ̀lú ayọ̀, ó sì ti pàdánù Lítíréṣọ̀ odindi ọdún kan.

Yorùbá náà jìyà nínú ètò yìí. Nígbà tí ìlànà àtijọ́ wà, èdè Nàìjíríà kan jẹ́ dandan ní SS. Ti 2011 sọ ọ́ di àṣàyàn lábẹ́ áàtì, láti ìgbà náà ló ti ń bá Ìtàn àti CRS du àyè. Bẹ́ẹ̀ kírẹ́díìtì Yorùbá wà lára márùn-ún tí ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì áàtì ń kà, ọmọ tó ń sọ ọ́ nílé sì ti ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sanwó fún.

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun láti sáà 2025 sí 2026. Iṣẹ́ JSS di méjìlá sí mẹ́rìnlá, ti SS di mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wá di mẹ́fà: iná sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Mẹ́fà yìí sún mọ́ ohun tí ilé ìwé lè kọ́ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná sólà gba irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìjọba tún sọ pé kírẹ́díìtì Ìṣirò kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún ẹni tó fẹ́ wọ áàtì ní yunifásítì. Inú àwọn kan dùn, wọ́n rò pé wọ́n ti bọ́. Ìjọba wá ṣàlàyé pé ọmọ áàtì ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò, kó sì jókòó ṣe é.

Ẹni tó ti yàn tán, tó wá rí i pé iṣẹ́ kan ṣaláìsí, ọ̀nà tó kù fún un ni WAEC ti àwọn tí kò sí nílé ìwé, tí a mọ̀ sí GCE. Òun ni ìjókòó kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yunifásítì kan kì í gba ìjókòó méjì fún kọ́ọ̀sì bí ìmọ̀ ìṣègùn. Lítíréṣọ̀ tàbí Gọ́fúmẹ́ǹtì ṣeé dá kà nílé. Kẹ́mísírì àti Físíìsì ní ìdánwò àfọwọ́ṣe, ẹni tí kò di bùrẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, mú rí máa ní láti wá ibi tí láábù wà kó tó lọ sanwó fọ́ọ̀mù.