Doxycycline Kékeré fún Èrìgì Alátọ̀gbẹ: Oògùn Apakòkòrò Tí Kò Pa Kòkòrò

Bí pákò bá ń pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ láràárọ̀, tí eyín iwájú sì ń mì bí òpó tí ikán ti jẹ nídìí, ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn á ní ogbó ló dé. Ó lè má jẹ́ ogbó rárá. Lára alátọ̀gbẹ, èrìgì wà lára ibi tí ṣúgà ti máa ń ṣọṣẹ́.

Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín kún fún kòkòrò àìfojúrí. Ara á rán àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, àwọn yẹn á sì tú èròjà kan tó ń jẹ́ collagenase jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gígé collagen, ìyẹn okùn tó so eyín mọ́ egungun. Bó bá mọ níwọ̀n, kò burú: ara ń gé èyí tó ti gbó kó lè hun tuntun. Àmọ́ níbi tí ṣúgà bá ti ga, ìjà náà kì í tán bọ̀rọ̀, gígé á sì yá ju híhun lọ. Ó dà bí ẹni tó ń lé eku tó wá ń wó ògiri.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín mìlímítà sí lára ni dókítà eyín fi ń wò ó. Á rọra tì í bọ àárín eyín àti èrìgì. Bó bá wọlé dé 3, kò séwu. Bó bá rì dé 6, okùn ti já lọ́hùn-ún.

Ní 1983, Lorne Golub, onímọ̀ nípa eyín, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn eku alátọ̀gbẹ ní minocycline, oògùn apakòkòrò tó jẹ́ ẹbí doxycycline. Collagenase inú èrìgì wọn lọ sílẹ̀, kódà lára eku tí wọ́n sìn láìsí kòkòrò kankan lára. A jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò pípa ló ṣiṣẹ́ náà. Collagenase nílò zinc, irú irin kan tó wà nínú ara, kó tó lè gé nǹkan. Oògùn náà ló ń gbá zinc ọ̀hún mú.

Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n doxycycline tí wọ́n ń lò fún èrìgì fi kéré débi tí kò ní pa kòkòrò: miligíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù 3 sí 9. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998. Kápúsù doxycycline tó wà ní kẹ́míìsì, miligíráàmù 100 ni. Kò ṣeé tú pín sí márùn-ún: ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dọ́gba, ẹ̀tù rẹ̀ sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá sì ń gbé odindi mì fún oṣù mẹ́ta ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń borí oògùn ni.

Oògùn yìí kì í dá ṣiṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lábẹ́ èrìgì, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀ka eyín UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Híha yẹn gan-an ló wúlò jù, ó tiẹ̀ máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ èrìgì ní Yúróòpù, nínú ìlànà wọn ti 2020, kò gbà pé kí dókítà máa fi doxycycline kékeré kún un. Àwọn ti Amẹ́ríkà fara mọ́ ọn jù wọ́n lọ.

Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ fi wàrà tàbí oògùn tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ gbé e mì, torí bó ṣe ń gbá zinc mú náà ló ń gbá kálísíọ́mù àti irin inú wọn mú. Kò sì sí fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Ọlọ́kadà àti oníṣòwò tó ń jókòó sójú oòrùn ní Bódìjà nílò fìlà tàbí agbòòrùn, nítorí oòrùn máa ń tètè jó awọ ẹni tó bá ń lò ó.