Bí A Ṣe Tọpa Ìyá Ẹ̀jẹ̀: Ipa Ìbàdàn Nínú Ìmọ̀ Nípa Ogbó Àjẹsára

Ní ọdún 1963, ní ìlú Toronto ní Kánádà, Andrew Becker, Ernest McCulloch àti James Till fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú mùdùnmúdùn eegun lè bí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀; irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni ìyá ẹ̀jẹ̀, tàbí sẹ́ẹ̀lì ìyá. Ìtànṣán ni wọ́n fi ba kromosómù, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé àbùdá, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì eku jẹ́ díẹ̀, kí ó lè di àmì tí ọmọ yóò jogún lọ́wọ́ ìyá, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé ènìyàn hàn.

Kò sí ẹni tí yóò fi ìtànṣán kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ sára ènìyàn. Àmì àbímọ́ni ni a nílò, ó sì wà ní Ìbàdàn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ítálì, ń ṣe ìwádìí lórí G6PD, ẹ́ńsáìmù tí í dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tí oríṣi A àti oríṣi B rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa. Orí kromosómù X ni jíìnì rẹ̀ wà. Obìnrin ní X méjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń lò, èyí náà ni àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì yẹn yóò sì máa lò. Nítorí náà, obìnrin tó bá jogún A lọ́dọ̀ òbí kan àti B lọ́dọ̀ èkejì yóò ní àdàlù méjèèjì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Oni, Osunkoya àti Luzzatto kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1970. Àrùn tó ń ṣe é a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, a sì máa sọ ìtọ̀ di dúdú. Àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tí àrùn kò mú ní A àti B; oríṣi kan ṣoṣo ni ó wà nínú àwọn tí àrùn mú. Ìyá kan ló bí gbogbo àwọn tí àrùn mú yìí. Lójú tèmi, a kì í ka iṣẹ́ yìí mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ náà tó bó ṣe yẹ.

Ní 1996, Lambert Busque àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìlànà X yìí fún àwọn obìnrin tí ara wọn le, wọ́n sì rí i pé bí ọjọ́ orí ti ń ga sí i ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń lo X kan náà. Ní 2014, àwọn tó ka jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ti lé ní 70 ọdún ni ìran sẹ́ẹ̀lì ìyá kan ti gbilẹ̀ lára rẹ̀, láìsí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àjẹsára, ìyẹn agbára tí ara fi ń bá àrùn jà. Sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ti gbó kì í bí limfosáìtì, ẹ̀jẹ̀ funfun tí í bá àrùn jà, tó bí ó ti ń bí i tẹ́lẹ̀; thymus, ẹ̀yà ara inú àyà níbi tí sẹ́ẹ̀lì T, oríṣi limfosáìtì kan, ti ń dàgbà, sì ti ń súnkì láti ìgbà èwe. Lára ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fi í sábà ṣiṣẹ́ lára àgbàlagbà tó bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀dọ́.