Ọ̀já olórùka: bí aṣọ ṣe ń gbé ọmọ láìta kókó

Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lórí ọ̀já. Ìyá á bẹ̀rẹ̀, ọmọ á gun ẹ̀yìn, ìró á gba abẹ́ abíyá kọjá, ọ̀já á tẹ̀ lé e, wọ́n á fún un mọ́ àyà, wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ inú. Ọ̀já olórùka kò rí bẹ́ẹ̀. Èjìká kan ni wọ́n ń gbé e kọ́, ọmọ á sì wà níwájú tàbí ní ìbàdí. Kò ní kókó, kò ní bọ́tìnnì. Òrùka méjì ni wọ́n rán mọ́ etí aṣọ kan, ìwúwo ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń tì í pa.

Aṣọ náà gùn tó nǹkan bíi mítà 2, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70. Etí tí kò ní òrùka ni ìrù rẹ̀. A óò kó ìrù jọ, a óò kì í bọ inú òrùka méjèèjì láti ìsàlẹ̀, a óò ya òrùka méjèèjì sọ́tọ̀, a óò wá dá ìrù padà gba orí òrùka òkè, kí ó gba inú òrùka ìsàlẹ̀ nìkan jáde. Ẹni tó bá ti de bẹ́líìtì olórùka méjì rí ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ọmọ bá ti wọ inú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á fa aṣọ, òrùka méjèèjì á fún un mọ́ àárín ara wọn, aṣọ á há. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ dẹ̀ á gbé òrùka òkè díẹ̀, ọwọ́ kejì á sì wà lábẹ́ ìdí ọmọ.

Fífún rẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa fa gbogbo ìrù lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń fa omi lórí kànga, aṣọ kò sì ní mira. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á. Etí òkè, tó wà lẹ́yìn ọrùn ọmọ, ní ibi tirẹ̀ lára ìrù. Etí ìsàlẹ̀, tó wà lábẹ́ orúnkún, ní tirẹ̀. Àárín náà sì ní tirẹ̀. Ibi tó bá dẹ̀ ni kí á wá sára ìrù, kí á fa ibẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí aṣọ fi gbọ́dọ̀ tẹ́ rẹrẹ nínú òrùka. Bó bá lọ́ mọ́ra níbẹ̀, kò ní ṣeé fà mọ́. Kí òrùka kọ́kọ́ ga dé itòsí èjìká, torí fífà yóò mú un sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n máa ń lẹ báàjì mọ́. Lẹ́yìn, kí aṣọ bo eegun èjìká dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọrùn á dun ìyá kí wákàtí kan tó pé.

Ọmọ máa ń jókòó nínú rẹ̀ bó ṣe ń jókòó lẹ́yìn ìyá: itan là, orúnkún ga ju ìdí lọ, aṣọ gbé e láti ẹ̀yìn orúnkún kan dé èkejì. Ìjókòó yìí ló dára fún oríkèé ìbàdí ọmọ, àwọn ìyá wa sì ti ń fi pípọ̀n ṣe é láti ayébáyé.

Ọmọ tuntun ló gba ìṣọ́ra jù. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà ọ̀fun á ká, èémí á dínkù, kò sì ní ké. Kò lágbára láti gbé orí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọjà kìlọ̀ fún àwọn òbí lórí irú aṣọ ìgbọ́mọ bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4. Nítorí náà, kí ọmọ dúró ṣánṣán, ikùn sí ikùn, kí orí rẹ̀ ga tó ibi tí ìyá lè fi ẹnu kàn, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má bò rárá. A kì í tẹ́ ẹ sùn sínú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ lè rán an ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, àmọ́ òrùka kọ́tìnnì àti ti báàgì kò ṣeé lò: ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ lè là lójijì. Òrùka aluminiomu tàbí nylon tí kò ní ojú àsopọ̀, tó fẹ̀ tó íǹṣì 3, ni kí wọ́n wá, kí wọ́n sì rán aṣọ mọ́ ọn lójú mẹ́ta. Aṣọ òwú tí kò fà ló dára. Sátínì a máa yọ̀. Fún ooru ìlú wa, ìpele kan ti tó.

Kò sí ọ̀já kankan tó sọ ọ̀kadà di ibi tí ọmọ lè wà, kò sì yẹ kí ọmọ wà níwájú ẹni tó ń dín dòdò.

Ọmọ tó ti ń rìn máa ń jókòó sí ìbàdí, ibẹ̀ sì ni ọ̀já yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù: láàárín ọjà, á ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún na ọwọ́ sókè. Ìyá á gbé òrùka, ọmọ á bọ́ sílẹ̀, ọ̀já á ṣì wà léjìká dè é. Bí ọmọ bá padà wọ inú rẹ̀, kí wọ́n gbé ọ̀já sí èjìká kejì, torí apá kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù náà.